Iná iwájú ọ̀kadà: ṣé kí n yọ gílóòbù tó bá a wá, kí n fi LED rọ́pò?

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Máṣíìnì 100cc ni mò ń gùn, Ẹdẹ sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ máa ń bá mi lójú ọ̀nà Òṣogbo ni. Iná iwájú mi ti di àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Tí mo bá ń sáré, á mọ́ díẹ̀. Tí mo bá dẹ eré níwájú kòtò, ìgbà tí mo nílò rẹ̀ gan-an, á wá pọ́n rúsúrúsú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Lálẹ́ Ọjọ́rú, mo rí ohun dúdú kan lẹ́bàá títì, mo pè é ní òjìji igi. Màlúù ni. Ọlọ́run ló yọ mí.

Mo dé Olúọdẹ láti ra gílóòbù tuntun, ni ọmọ tó ń tajà bá gbé LED kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní 80 wáàtì ni, pé ilẹ̀ á mọ́ bí ọ̀sán. Owó rẹ̀ tó ti gílóòbù lásán mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ lọ ní á jó kọ́ìlì máṣíìnì mi. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ là mí lóye.

Onímọ́tò Òkè-Baálẹ̀

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ máa pàdé lọ́nà sọ tiẹ̀. Mọ́tò ni mò ń wà, mo sì máa ń gba ọ̀nà Ìkìrun lálẹ́. Ọ̀kadà oníná funfun tó bá yọ lókè báyìí, àfi bíi pé wọ́n fọ́n ata sí mi lójú. Màá ṣíjú, màá yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ̀gbẹ́ títì yẹn náà sì ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà. Ẹni tó ń gùn ún á ní òun ń ríran dáadáa. Èmi ńkọ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o. Ẹ kàn rántí wa.

Rewáyà Òkè-Fìà

Àbúrò Ayétòrò, má tíì náwó. A kì í po oògùn ká tó mọ àrùn.

Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyí: tó o bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ta máṣíìnì, tó o wá tan iná iwájú, ṣé ó ń tàn? Tí kò bá tàn, àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á jẹ́ pé iná yẹn kì í jẹ nínú bátìrì rárá. Inú kọ́ìlì tó wà lábẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá tààrà. AC là ń pè é. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré nìyẹn, òun ló fà á tí iná wọn fi ń tẹ̀lé eré: eré lọ sókè, iná lọ sókè. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń tàn láì ta máṣíìnì, bátìrì ló ń bọ́ ọ, DC nìyẹn, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀.

LED tí wọ́n ń tà lọ́jà, DC ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Tó o bá so ó mọ́ AC, ó lè má tàn. Ó lè tàn, kó máa ṣẹ́jú ṣáá, pàápàá tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra mí. Ìdí ni pé AC máa ń kú, ó máa ń jí, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù lásán kì í tètè tutù, nítorí náà ojú èèyàn kì í mọ̀. LED kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: iná lọ, òun náà lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á tàn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, á wá kú lójijì, nítorí iná tó ń ta sókè nígbà tó o bá ń sáré. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún AC àti DC pọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sára páálí. Bi wọ́n léèrè, kó o sì dán an wò lára máṣíìnì rẹ níbẹ̀ kó o tó sanwó.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní á jó kọ́ìlì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ òótọ́ ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. LED kì í jẹ iná tó halójìn, ìyẹn gílóòbù lásán tó bá máṣíìnì wá. Rẹ́gúlétọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí iná kọ́ìlì pọ̀ jù, ni kó o káàánú. Irú èyí tó wà lára púpọ̀ nínú máṣíìnì kékeré, iná tí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ, òun ló ń sọ ọ́ di ooru. Gílóòbù 35 wáàtì kúrò, ohun tó ń jẹ 10 wọlé. Ìyókù ńkọ́? Orí rẹ́gúlétọ̀ ló ń lọ. Tó bá ti gbó tẹ́lẹ̀, ó lè má pẹ́.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Gílóòbù halójìn kì í fara da iná tó dín. Tí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá fi 10 dín nínú 100, ìmọ́lẹ̀ kò ní fi 10 dín o, ó máa ń fi bíi 30 dín nínú 100. Ojú wáyà tó ti dóògún, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tí wọ́n so mọ́ irin ara máṣíìnì) tó ti tú, súwíìṣì tó ti jó nínú: gbogbo wọn ló máa bù nínú rẹ̀ kó tó dé ibi gílóòbù, bí ẹni tí wọ́n rán ní ẹran. Mo ti rí ẹni tó ra gílóòbù mẹ́ta láàárín oṣù kan. Sáńpépà kékeré ni mo fi họ ojú ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ táńkì, mo sì pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti yọ́. Ó ní kí n pa á, ó ń wọ òun lójú.

Tíṣà Físíìsì

Ọ̀gá Rewáyà ti gbé ìdajì ẹrù, ẹ jẹ́ kí n bá wọn gbé ìdajì kejì.

Ká kọ́kọ́ yanjú 80 wáàtì yẹn. Ohun tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ kò lè jẹ 80 wáàtì nínú ike tí atẹ́gùn kò wọ̀, kó má jóná. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: lórí 12 fóòtì, 80 wáàtì gbọ́dọ̀ fa ju 6 ámúpù lọ. Èyí tí mo fi mítà ara mi wọ̀n kò fa ju 1 ámúpù àti díẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé LED náà kò dára, ara páálí ni irọ́ wà.

Gílóòbù tó wà nínú púpọ̀ àwọn ọ̀kadà wa ni HS1, 35/35 wáàtì. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un lágbàáyé ni 825 lúmẹ̀n (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) fún iná gíga tó ń wo ọ̀nà jíjìn, 525 fún iná ilẹ̀ tó ń wo ìsàlẹ̀. H4 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 60/55 wáàtì, 1650 àti 1000 lúmẹ̀n. Wọ́n jọra bí ìbejì, àwọn kan á sì ní kẹ́ ẹ rẹ́ eyín ìdí H4, kẹ́ ẹ fi tipá kì í sínú ilé HS1. Ẹ má gbà. Kọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún 35 wáàtì kò ní rí 60 mú wá, iná á tún wá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Onímọ́tò Òkè-Baálẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù, nítorí pé ohun tó ń fà á kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìkan. Ẹ mú gílóòbù HS1 tó ti jó, ẹ wo inú rẹ̀. Wáyà méjì lẹ máa rí. Ti iná ilẹ̀ ní irin kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, ó rí bí orí ṣíbí. Irin yẹn ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ìbá bọ́ sí ìdajì ìsàlẹ̀ awo dídán inú iná, torí pé èyí tó bá lu ibẹ̀ ló máa yí sókè lọ bá ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó ṣe awo náà ti mọ ibi tí wáyà yẹn máa dúró, títí dé orí mìlímítà. LED tó bá gbé ojú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju wáyà lọ, tàbí tí kò ní ṣíbí yẹn, awo kò ní mọ ohun tó máa fi ṣe. Á fọ́n ọn ká: díẹ̀ sórí igi, díẹ̀ sójú awakọ̀, púpọ̀ síwájú táyà yín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ti iwájú táyà yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Tí ilẹ̀ bá mọ́ kedere níbi tó sún mọ́ yín, inú yín á dùn, ẹ ó ní iná yìí lágbára. Ṣùgbọ́n ọmọlójú á ti fún ara rẹ̀ pọ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ibi tó jìnnà á wá ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Iwájú lọ́hùn-ún sì ni màlúù wà.

Ní Jámánì, ọdún 2020 ni wọ́n tó kọ́kọ́ gba LED kan láàyè láti rọ́pò halójìn nínú iná mọ́tò, ti ilé-iṣẹ́ Osram sì ni. Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ni wọ́n gbà á fún, àwọn tí wọ́n ti dán an wò nínú wọn nìkan ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe LED ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òun àti awo náà bá ara wọn mu.

Ọlọ́kadà Ìlobù

Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ dẹ́rù bà á. Mo ti lo LED ó lé lọ́dún méjì, mi ò ní padà sẹ́yìn. Máṣíìnì tèmi tóbi díẹ̀, DC ni iná rẹ̀, H4 ló bá a wá. Nígbà tí mò ń lo halójìn, alẹ́ tí èrò bá pọ̀ tí mò ń dúró lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì kì í ta máṣíìnì mi mọ́ tó bá di ìdájí, màá máa fi ẹsẹ̀ ta á. Látìgbà tí LED ti dé, ìyẹn ti di ìtàn. Gílóòbù lásán náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀nà wa yìí máa ń gbọ̀n ọ́n títí wáyà inú rẹ̀ á fi já.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. LED àkọ́kọ́ tí mo rà ní fáànù kékeré lẹ́yìn. Mekáníìkì mi fi rọ́bà tó ń dí eruku bò ó pátápátá. Kò pé oṣù kan tó fi kú, nítorí pé LED kì í gbóná níwájú bíi ti halójìn, ẹ̀yìn ni ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Èyí tí mo ń lò báyìí kò ní fáànù, irin tó ní ẹ̀ka bí ìyarun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Eruku ò rí nǹkan kan fi í ṣe. Mo gé ojú rọ́bà kó lè mí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó gbá ọrùn rẹ̀ mú kí omi má wọlé.

Ohun kejì, èrò ẹ̀yìn. Tí mo bá gbé ẹni méjì (ẹ má bá mi wí, ẹ̀yin náà ń gùn ún bẹ́ẹ̀), ìdí máṣíìnì á wálẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná á sì máa wo ojú ọ̀run. Torí náà mo ti yí iná mi wálẹ̀ díẹ̀ ju ti ẹni tó ń dá gùn lọ.

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, skútà ni mo sì ń gùn gba Ògo-Olúwa. Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo fi LED sí i, ìgbà tí ìlú kún fún àlejò ọdún Ọ̀ṣun. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ń yangàn kiri. Òjò wá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ń wá ìmọ́lẹ̀ tí mo sanwó rẹ̀, mi ò rí i. Títì tó tutù gbé e mì. Onímọ́tò tó wà níwájú mi ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀, nítorí pé títì tó lómi dà bíi dígí, iwájú ló ń ju ìmọ́lẹ̀ sí, kì í dá a padà fún ẹni tó ni í. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó tún wá burú. Eruku di aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú mi.

Ọmọ àbúrò mi ló ní kí n jẹ́ kí òun wo bí wọ́n ṣe fi í sí i. Ojú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Ó tú òrùka ìdí rẹ̀, ó yí i kí ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, kí ìkejì kọjú sósì, bí ọwọ́ aago ní aago mẹ́ta àti mẹ́sàn-án. Ẹ ò ní gbà gbọ́: lára ògiri ilé wa, ohun tó ti rí bí ọ̀rá tó dà sílẹ̀ di ìlà kan tó tọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tí mò ń pàdé kì í ṣépè fún mi mọ́.

Lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, tí wọ́n kọ 4300K sí, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 6000K, funfun tó fẹ́ jọ aró. Nínú eruku ọyẹ́, ojú mi kì í ro mí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá Rèlùwéè

Ẹ̀yin ọmọ yìí gbọ́n o. Ẹ jẹ́ kí àgbà fi ẹyọ kan kún un.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣì wà ní ọwọ́ òsì títí dòní: Íńdíà, Japan, Gẹ̀ẹ́sì. Iná tí wọ́n bá ṣe fún ìlú wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe kí iná ilẹ̀ rẹ̀ gbé díẹ̀ sókè lápá òsì, kó lè tan ẹ̀gbẹ́ títì fún wọn. Níbí, apá òsì ni ẹni tó ń bọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ra ojú iná tòkunbọ̀ tó ti ibẹ̀ wá, kò sí gílóòbù tẹ́ ẹ máa fi sí i tí kò ní máa wọ awakọ̀ lójú. Ẹ gbé e kọjú sógiri kẹ́ ẹ tó rà á. Tí ìlà rẹ̀ bá gòkè sí ọwọ́ òsì yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti dán ti kọ́kọ́rọ́ wò: kò tàn, àfi ìgbà tí mo ta máṣíìnì. AC ni. Ọ̀gá Rewáyà, ṣé kò wá sí ọ̀nà LED fún mi nìyẹn?

Rewáyà Òkè-Fìà

Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. A máa gbé iná yẹn kúrò lórí AC lọ sórí bátìrì. Tá a bá kàn so ó mọ́ bátìrì báyìí pẹ̀lú gílóòbù 35 wáàtì tó wà níbẹ̀, ó ń fa nǹkan bí 3 ámúpù, bátìrì kékeré yẹn á kú sí ọ̀nà, torí pé ìdajì iná kọ́ìlì péré ló ń wọ inú rẹ̀. LED tó ń jẹ 12 wáàtì, 1 ámúpù ni, ìyẹn ṣeé ṣe. Tó o bá fẹ́ kó péye, a máa tú kọ́ìlì, a máa yọ orí rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, a ó wá fi rẹkitifáyà (ohun tó ń sọ AC di DC) tó ń lo gbogbo iná rẹ̀ sí i. Máṣíìnì á wá máa gbé bátìrì bó ṣe yẹ. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà lójú wáyà náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò pọn dandan.

Àmọ́ kó o tó ṣe gbogbo ìyẹn, lọ nu ẹ́ẹ̀tì, kó o pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó o ra halójìn gidi kan. Má fi ọwọ́ lásán di dígí rẹ̀ mú. Òróró ọwọ́ á jó mọ́ ọn lára, ojú ibẹ̀ á gbóná ju ibi tó kù lọ, á sì bẹ́. Bébà tàbí aṣọ mímọ́ ni kó o fi mú un.

Ọlọ́kadà Ìlobù

Tí wọ́n bá fẹ́ ta gílóòbù 100/90 wáàtì fún ẹ, sá. Ẹnìkan ní gáréèjì wa fi í sí tiẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ike ojú iná rẹ̀ ti ṣẹ́po bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Tíṣà Físíìsì

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ gbé máṣíìnì síwájú ògiri, mítà 5 sí i, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó lé e. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gíga yẹn sára ògiri. Etí òkè iná ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 nísàlẹ̀ ìlà náà. Ẹ ṣàyẹ̀wò táyà ẹ̀yìn ná, táyà tí kò ní atẹ́gùn á parọ́ fún yín.

Ọmọ Ayétòrò

Mo ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ kan rèé. Ẹ́ẹ̀tì lábẹ́ táńkì ti dóògún débi pé ó fẹ́ já, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti dúdú nínú. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo ra halójìn HS1 tuntun, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri onílé wa (ó bínú díẹ̀). Iná mi ti ń wo ojú ọ̀run tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀! Kò mọ́ bí ọ̀sán o, ó sì ṣì máa ń rẹlẹ̀ níwájú kòtò. Ṣùgbọ́n lánàá, láàárín Ẹdẹ sí ilé, mo rí ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sójú títì láti òkèèrè, mo sì ráyè fọn fèrè fún un.

Mo ti ń tọ́jú owó ti DC àti LED, ọ̀gá Rewáyà, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ohun kan ló kù: ike ojú iná mi ti pupa bíi tíì. Òótọ́ ni pé ọṣẹ ìfọyín ń nù ún?

Nọ́ọ̀sì Alálẹ́

Ó ń nù ún, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń padà. Sáńpépà olómi 1000 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi 2000 parí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi pólíìṣì dán an. Kẹ́ ẹ wá kun ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń gba oòrùn lára ike lé e, nítorí oòrùn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá sì ti dúdú láti inú, ẹ ra tuntun.

Ọmọ Ayétòrò

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Rọ́bà ẹ̀yìn iná mi náà ti ya, mo wá a dé Olúọdẹ, mi ò rí.

Ọlọ́kadà Ìlobù

Mo ní ọ̀kan nílé tí mi ò tíì gé. Tó o bá ń kọjá lọ́nà Ìlobù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pè mí lórí ìkànnì yìí, màá gbé e jáde. Má mú owó wá, mú sáńpépà 2000 tó bá ṣẹ́kù bọ̀ fún mi.